Ṣé Eegun Ló Ń Mú Ara Wúwo?

Bí ẹnìkan bá gun òṣùwọ̀n tí nọ́ńbà tó jáde kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, àwíjàre kan wà tí kì í jìnnà sí ẹnu: “Kì í ṣe pé mo sanra, eegun mi ló wúwo.” Ẹlòmíràn á sọ ọ́ nípa ọmọ rẹ̀, pé ìran àwọn kì í ní eegun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, kì í sì í ṣe òótọ́ bí a ṣe ń gbé e kalẹ̀. Ìbéèrè méjì ló wà nínú rẹ̀ tí a ti lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn. Ǹjẹ́ kíki eegun lè fi kílò kún ara ènìyàn? Ǹjẹ́ ìwúwo ara fúnra rẹ̀ ló ń pinnu bí eegun yóò ṣe ki tó? Ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́ kúrú: díẹ̀ báyìí ni. Ti èkejì ló gùn, òun ló sì yẹ kó jẹ wá lógún jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé eegun nìkan sórí òṣùwọ̀n. Àgbàlagbà ní eegun 206. ICRP, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò lọ́wọ́ ìtànṣán, ní ìwé ìṣirò kan tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn máa ń lò. Nínú ìwé yẹn, ọkùnrin tó wọn kílò 73 ní eegun tó wọn kílò 10.5 lápapọ̀, obìnrin tó wọn kílò 60 ní ti kílò 7.8. Nǹkan bí ìdá 13 tàbí 14 nínú 100 ìwúwo ara nìyẹn. Ṣùgbọ́n kílò mẹ́wàá ààbọ̀ náà kì í ṣe ohun líle nìkan. Mùdùnmúdùn wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àti omi wà nínú rẹ̀, ọ̀rá pàápàá wà nínú mùdùnmúdùn eegun àgbàlagbà. Bí a bá yọ gbogbo ìwọ̀nyí kúrò, èròjà líle tí ẹ̀rọ ń kà nígbà tí dókítà bá ní kí wọ́n yẹ eegun wò jẹ́ nǹkan bí kílò méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta lára ọkùnrin, ó sì jẹ́ kílò méjì tàbí kó lé díẹ̀ lára obìnrin. Kálíṣíọ̀mù inú rẹ̀ tó nǹkan bí kílò kan, ìdá 99 nínú 100 gbogbo kálíṣíọ̀mù tó wà lára ènìyàn ló sì wà níbẹ̀.

Ẹ wá wo ìṣirò rẹ̀. Ká ní eegun ọkùnrin kan ki ju ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ní ìdá 10 nínú 100, tí àwọn méjèèjì sì ga bákan náà. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn lójú oníṣègùn. Ìdá 10 nínú kílò mẹ́ta jẹ́ gíráàmù 300. Bí a bá sọ ọ́ di ìdá 20, ó di gíráàmù 600, tí kò fi púpọ̀ ju omi inú ọ̀rá kan tí wọ́n ń tà lójú títì lọ. Ẹni tó bá fi kílò mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kó wá ìyókù síbòmíràn: nínú iṣan, nínú ọ̀rá, nínú omi ara.

Ìṣirò kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lọ́nà ìdàkejì, ibẹ̀ ló sì ti léwu. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù obìnrin bá dúró, ó lè pàdánù tó ìdá 10 nínú 100 eegun rẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Lórí òṣùwọ̀n, gíráàmù 200 tàbí kó lé díẹ̀ nìyẹn. Oúnjẹ alẹ́ kan ṣoṣo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eegun ìyá kan lè máa jò lọ báyìí fún ogún ọdún, kí òṣùwọ̀n rẹ̀ má sì ta á lólobó rárá. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi máa ń sọ pé osteoporosis, àìsàn tó ń sọ eegun di ẹlẹgẹ́, kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Eegun á ti dá kí a tó mọ̀.

Ibo wá ni àwíjàre eegun ńlá ti rí ẹsẹ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀? Kò sí ìlú tí wọn kì í ti í sọ ọ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ abánigbófò kan ní New York ló fún un ní òǹtẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1940, Metropolitan Life gbé àtẹ kan jáde tó ń sọ iye tó yẹ kí ènìyàn wọn fún gíga rẹ̀. Wọ́n pín àtẹ náà sí ọ̀nà mẹ́ta: ti ẹni tí eegun rẹ̀ kéré, ti ẹni àárín, àti ti ẹni tí eegun rẹ̀ tóbi. Ẹni tó bá bọ́ sí ẹ̀ka kẹta rí ààyè ọ̀pọ̀ kílò gbà láìjẹ̀bi. Àtẹ náà kò sì sọ bí ènìyàn yóò ṣe mọ ẹ̀ka tó bọ́ sí. Wọ́n tún un ṣe ní 1959, kò yí padà lórí èyí. Ìgbà tó di 1983 ni wọ́n tó ní kí ènìyàn wọn fífẹ̀ ìgúnpá rẹ̀ kó tó yàn. Fún nǹkan bí ogójì ọdún, kálukú ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹ̀ka tó wù ú, èmi ò sì rò pé ẹni tó sanra pọ̀ tó yan ẹ̀ka àkọ́kọ́.

Síbẹ̀, òótọ́ kan wà nínú àtẹ yẹn tí kò yẹ ká gbé sọnù. Ẹni tí èjìká rẹ̀ fẹ̀, tí ìbàdí rẹ̀ gbòòrò, tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ nípọn, ní ibi tí iṣan lè so mọ́ ju ẹni tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Iṣan yẹn ní kílò gidi. Nítorí náà, ara tó fẹ̀ lè wúwo láìjẹ́ pé ọ̀rá ló pọ̀ níbẹ̀. Fífẹ̀ lèyí o, kì í ṣe kíki. Eegun lè tóbi kó má ki, ó sì lè kéré kó ki gan-an. Àwọn méjèèjì la máa ń dàpọ̀, ẹ̀rọ pàápàá sì ń bá wa dà á pọ̀. Ẹ̀rọ DXA tó gbajúmọ̀ jù fún àyẹ̀wò eegun ń fi ìtànṣán X-ray méjì tí agbára wọn yàtọ̀ síra ya òjìji eegun. Fífẹ̀ àti gíga òjìji náà ló ń rí, kò rí jíjìn rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi ń ka gíráàmù lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin. Bí eegun méjì bá ki bákan náà, èyí tó tóbi jù ni ẹ̀rọ yóò sọ pé ó ki jù. Èyí ò bá ẹ̀rọ náà jẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń ka èsì rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ibi tí kíki eegun ti dá wàhálà sílẹ̀ gan-an ni inú omi. Ní 1942, Albert Behnke, dókítà iṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà, wọn àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà (American football) tí wọ́n sì ń fi eré náà jẹun. Lójú àtẹ gíga àti ìwúwo ìgbà náà, púpọ̀ nínú wọn ti wúwo ju ohun tí iṣẹ́ ológun lè gbà. Behnke ri wọ́n sínú omi, ó wọ̀n wọ́n níbẹ̀, ó fi ṣírò bí gbogbo ara wọn ṣe ki tó, ó sì rí i pé ọ̀rá wọn kò pọ̀, iṣan ló kún ara wọn. Látinú ọ̀nà yìí ni William Siri ti Yunifásítì California ní Berkeley ti gbé ìṣirò kan jáde ní 1961 tí gbogbo ayé ń lò títí di òní. Ó gbà pé ọ̀rá ki ní gíráàmù 0.9 nínú mílílítà kan, àti pé gbogbo ohun tí kì í ṣe ọ̀rá, eegun àti iṣan àti omi, ki ní 1.1, lára gbogbo ènìyàn.

“Lára gbogbo ènìyàn” yẹn ni ìjà wà. Òkú àwọn aláwọ̀ funfun díẹ̀ tí wọ́n tú palẹ̀ ni nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ dá lé. Nígbà tí wọ́n lò ó fún àwọn eléré ìdárayá tí eegun wọn ki tí iṣan wọn sì pọ̀, àwọn kan wà tí ìṣirò náà sọ pé ọ̀rá ara wọn kò tó òdo, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ lára ẹni tó wà láàyè. Ní 1984, Schutte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé lára àwọn ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ohun tí kì í ṣe ọ̀rá ki tó 1.113, wọ́n sì gbé ìṣirò mìíràn kalẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ìṣirò Siri bá sọ pé ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ ìdá 12 tàbí 13 nínú 100, ti Schutte á sọ pé ó jẹ́ ìdá 16. Ẹ ṣàkíyèsí pé kílò onítọ̀hún kò yí padà. Ohun tí a rò pé ó wà nínú kílò náà ló yí padà. Ní 1997, Visser àti àwọn mìíràn tún wọn dúdú àti funfun lọ́nà tó péye ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọn ò sì rí ìyàtọ̀ kankan tí wọ́n lè tọ́ka sí nínú kíki yẹn. Ní tèmi, ẹjọ́ náà kò tíì parí, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí à ń jà lé lórí kéré ju ariwo tó wà nídìí rẹ̀ lọ.

Ariwo náà sì ti ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Ní oṣù kẹrin ọdún 1987, Al Campanis, ọ̀gá àgbà nínú ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Los Angeles Dodgers, jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ó ní àwọn dúdú kì í mọ omi wẹ̀ dáadáa nítorí pé ara wọn kì í léfòó. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àìmọye ènìyàn ló ṣì gbà á gbọ́, títí kan àwọn dúdú fúnra wọn. Gíráàmù 300 eegun kò tó nǹkan létí èémí. Bí àgbàlagbà bá fa èémí sínú dáadáa, afẹ́fẹ́ tó wọlé á ju lítà mẹ́ta lọ, lítà kọ̀ọ̀kan sì ń gbé nǹkan bí kílò kan ró nínú omi. Anthony Nesty ọmọ Suriname gba wúrà nínú omi Seoul ní 1988, ọdún kan péré lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Campanis. Simone Manuel gba tirẹ̀ ní Rio ní 2016. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ àti àwọn Ègùn Makoko tí wọ́n ń wẹ̀ kí wọ́n tó mọ ìwé kà kò tilẹ̀ gbọ́ pé ẹnìkan ní eegun wọn ò gbà. Ohun tó mú omi ṣòro fún àwọn dúdú Amẹ́ríkà ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò jẹ́ kí wọ́n wọ odò ìlúwẹ̀ẹ́ ìjọba.

Ṣé kò wá sí ẹni tí eegun rẹ̀ wúwo lóòótọ́ ni? Ó wà. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Yale kọ ìròyìn nípa ìdílé kan ní Connecticut tí ìyípadà kan nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní LRP5 mú kí eegun wọn ki ju ti ẹlòmíràn lọ fíìfíì. Ara wọn le. Ohun tí àwọn kan nínú wọn ń ráhùn rẹ̀ kò ju pé ó ṣòro fún wọn láti léfòó. Ní Britain, Celia Gregson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2012. Wọ́n ti yẹ àwòrán DXA tó tó 335,000 wò ní onírúurú ilé ìwòsàn, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ènìyàn méjì nínú 1,000 ló ní irú eegun bẹ́ẹ̀ láìsí àìsàn tó fà á. Àwọn náà ń sọ pé àwọn máa ń rì bí àwọn bá ń wẹ̀, bàtà wọn máa ń tóbi, wọ́n sì wúwo fún gíga wọn ju àwọn mọ̀lẹ́bí wọn lọ. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ á ní, “Ẹ ò ri!” Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá wo ohun tó wà nínú kílò tó lé náà, ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀ lára àwọn obìnrin. Kódà lára àwọn ènìyàn méjì nínú ẹgbẹ̀rún yìí, eegun nìkan kò ru ẹrù náà tán.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ sọ nípa àwọn òṣùwọ̀n ìgbàlódé tí wọ́n ń tà kiri báyìí, tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ lásán gùn, tí yóò sì kọ “eegun: kílò 2.8” sórí fóònù. Òṣùwọ̀n yẹn kò rí eegun yín. Iná mànàmáná díẹ̀ ló rán gba inú omi ara yín kọjá, ó fi gíga, ọjọ́ orí àti bí ẹ ṣe jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin kún un, ó sì méfò. Bí eegun yín bá ń ṣòfò, nọ́ńbà náà lè má mira.

Ọ̀nà kejì ni kí a wá gbà báyìí, èyí tí ìwúwo ń gbà dé inú eegun. Ní 1892, Julius Wolff, oníṣẹ́ abẹ ní Berlin, kọ̀wé pé eegun ń tún ara rẹ̀ mọ ní ìbámu pẹ̀lú ẹrù tó ń rù. Harold Frost ọmọ Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé inú eegun ń gbọ́ bí eegun ṣe ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a bá ń rìn tàbí tí a bá ń fò, wọ́n á sì ránṣẹ́ pé kí wọ́n mọ sí i tàbí kí wọ́n wó lára rẹ̀. Nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 eegun àgbàlagbà ni ara ń wó tó sì ń tún mọ lọ́dọọdún. Apá tí àwọn ògbóǹtarìgì ẹlẹ́yin orí ọ̀dàn, ìyẹn tẹ́níìsì, fi ń di igi eré náà mú ní eegun tó nípọn ju ti apá kejì lọ ní ìdá tó lé ní 25 nínú 100. Ara kan náà ni, oúnjẹ kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà. Iṣẹ́ nìkan ló yàtọ̀. Ní òfuurufú, níbi tí kò ti sí ẹrù fún ẹsẹ̀ láti gbé, eegun ìbàdí àwọn arìnrìnàjò sánmà ń dín kù ní ìdá kan sí ìdá kan ààbọ̀ nínú 100 lóṣooṣù. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró lè fi ọdún kan pàdánù irú iye bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé ẹni tó wúwo sábà máa ń ní eegun tó ki ju ti ẹni tó rù lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé ẹrù lójoojúmọ́. Lára obìnrin tó ti dàgbà, ọ̀rá náà ń pèsè estrogen díẹ̀, họ́mónù tó ń dáàbò bo eegun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà fi gbà pé sísanra jẹ́ ààbò fún eegun, wọ́n sì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn. Ìwádìí GLOW, tó tẹ̀lé àwọn obìnrin tó lé ní 60,000 ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, yí ohùn wọn padà ní 2011. Àwọn obìnrin tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀ ń dá eegun bí àwọn yòókù. Eegun ọrùn ẹsẹ̀ àti itan wọn tilẹ̀ ń dá ju ti àwọn yòókù lọ. Bí ẹni tó wúwo bá ṣubú, agbára tó fi ń balẹ̀ pọ̀. Ìtọ̀ ṣúgà sì tún ń dá kún un, nítorí pé eegun ẹni tó ní irú kejì àìsàn náà lè ki lójú ẹ̀rọ kó sì ṣẹ́ wẹ́rẹ́. Eegun tó ki kì í ṣe eegun tó le ní gbogbo ìgbà.

Ẹni tó rù ló ṣì wà nínú ewu jù fún eegun ìbàdí. Bí a bá fi ìwúwo pín pẹ̀lú gíga lọ́nà tí wọ́n ń pè ní BMI, ẹni tó wà ní 20 ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ewu kí eegun ìbàdí dá ju ẹni tó wà ní 25 lọ. Fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń febi pa ara wọn nítorí àtirí lẹ́pa, títí nǹkan oṣù wọn fi dúró, gbèsè tí wọ́n ń jẹ eegun wọn kò ní ṣeé san pẹ̀lú ìrọ̀rùn, nítorí pé kí ènìyàn tó pé ọgbọ̀n ọdún ni eegun ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ohun ìní rẹ̀ jọ.

Kí wá ni ti ẹni tó sanra tó fẹ́ fọn? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì lónìí ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Bí ènìyàn bá fi oúnjẹ nìkan dín ìwúwo rẹ̀ kù ní ìdá 10 nínú 100, eegun ìbàdí rẹ̀ sábà máa ń dín ní ìdá kan tàbí méjì. Ní 2011, Dennis Villareal àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí ọdún kan jáde lórí àwọn àgbàlagbà 107 tó ti pé 65 sókè, tí wọ́n sì sanra. Lára àwọn tó dín oúnjẹ kù nìkan, kíki eegun ìbàdí lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú 100. Lára àwọn tó dín oúnjẹ kù tí wọ́n sì ń ṣeré ìdárayá, ìdá kan ló lọ. Ní 2024, àwọn ará Denmark rí ohun tó jọ ọ́ lára àwọn 195 tó kópa nínú ìwádìí tiwọn: abẹ́rẹ́ ìfọn tí wọ́n ń pè ní liraglutide nìkan dín eegun ìbàdí àti ọ̀pá ẹ̀yìn kù, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi eré ìdárayá kún abẹ́rẹ́ náà, kílò bọ́ sílẹ̀, eegun dúró. Iṣẹ́ abẹ tó ń fi ọ̀nà àbùjá sínú ikùn ń mú eegun lọ jù gbogbo ìwọ̀nyí. Èmi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kò ní dúró de eegun. Ṣùgbọ́n dókítà tó bá fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ ìfọn tí kò bá a sọ ọ̀rọ̀ gbígbé ohun tó wúwo, iṣẹ́ ìdajì ló ṣe.

Ẹ̀ka kan ṣì kù tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀: pé eegun fúnra rẹ̀ ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ nípa iye tó yẹ kí ara wọn. Gerard Karsenty ní New York ló kọ́kọ́ pariwo rẹ̀. Ní 2007, ilé ìwádìí rẹ̀ sọ pé èkúté tí kò ní osteocalcin, họ́mónù kan tí eegun ń pèsè, máa ń sanra, ṣúgà rẹ̀ sì máa ń dàrú. Ọ̀rọ̀ náà gbilẹ̀. Ní 2020, ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe èkúté tiwọn tí kò ní osteocalcin, wọn ò sì rí sísanra náà. Ní 2017, ẹgbẹ́ kan láti Yunifásítì Columbia sọ pé lipocalin-2, tí eegun náà ń pèsè, ń pa ebi lára èkúté. Ní Gothenburg lórílẹ̀-èdè Sweden, John-Olov Jansson àti Claes Ohlsson gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi ẹrù sínú ara èkúté ní 2018, èkúté bẹ̀rẹ̀ sí í dín oúnjẹ kù títí ìwúwo ara rẹ̀ fi lọ sílẹ̀, bí ẹni pé ohun kan nínú eegun ẹsẹ̀ ń ka gbogbo ẹrù tó wà lókè rẹ̀. Ní 2020, wọ́n fi ẹ̀wù onírin tó tó ìdá 11 nínú 100 ìwúwo ara wọ àwọn tó sanra fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n fi ìdá kan lé díẹ̀ nínú 100 fọn ju àwọn tí ẹ̀wù tiwọn fúyẹ́ lọ. Ó wù mí kó jẹ́ òótọ́, nítorí yóò ṣàlàyé ìdí tí ìjókòó gbogbo ọjọ́ fi ń múni sanra. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tó láti fi dájọ́, a sì ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí osteocalcin.

Ilé wa ńkọ́? Ìran wa la máa ń gbọ́ pé ó ní eegun líle, àwọn ìwádìí láti Amẹ́ríkà sì ti í lẹ́yìn: eegun àwọn dúdú ibẹ̀ ki ju ti funfun lọ, eegun ìbàdí wọn kì í sì í dá tó ti funfun. Ẹ wá wo Keneba, abúlé kan ní Gambia tí àjọ ìwádìí ìṣègùn Britain ti ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ìròyìn tí wọ́n kọ ní 1996 sọ pé èròjà eegun àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ kéré sí ti àwọn obìnrin Britain. Kálíṣíọ̀mù inú oúnjẹ wọn kò pọ̀. Síbẹ̀, kíkán eegun ọjọ́ ogbó ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Ní 1991, Adewale Adebajo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Nàìjíríà wé Britain, wọ́n sì rí i pé kíkán ìbàdí àti ọrùn ọwọ́ ní Nàìjíríà kò tó nǹkan létí ti Britain. Àwọ̀ ara kò jọ pé ó ṣàlàyé èyí, nítorí àwọn ará Keneba àti àwọn dúdú Amẹ́ríkà jọ dúdú ni, eegun wọn kò sì jọra. Ìyá tó ń roko títí di àádọ́rin ọdún, tó ń ru igi, tó ń jókòó sílẹ̀ tó sì ń dìde láìdi nǹkan mú, tí ara rẹ̀ fúyẹ́, kì í tètè ṣubú, bó bá sì ṣubú kò ní balẹ̀ gbì. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa ní Èkó àti Ìbàdàn lónìí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìran gbójú lé eegun àwọn ọmọ. Ní Jos, Tom Thacher, John Pettifor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn ní 1999 pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ nítorí eegun rírọ̀, kì í ṣe àìrí oòrùn ló fà á. Kálíṣíọ̀mù ni kò sí nínú oúnjẹ wọn. Nígbà tí wọ́n fún wọn, eegun bẹ̀rẹ̀ sí í san. Ìwádìí mìíràn láti ibẹ̀ náà fi hàn pé ẹja tí wọ́n lọ̀ pẹ̀lú eegun rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Díẹ̀ kín-ún ni kálíṣíọ̀mù náà lórí òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sọ fún gbogbo àdúgbò.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tó ti lé ní 65, ẹ wọn gíga wọn pọ̀ mọ́ kílò wọn. Bí wọ́n bá ti kúrú ju bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, bí ẹ̀yìn bá ń tẹ̀, tàbí bí ọrùn ọwọ́ bá dá látinú ìṣubú orí ìdúró lásán, eegun ni kí ẹ fura sí, ẹ sì bi dókítà nípa àyẹ̀wò DXA. Bó bá jẹ́ pé kílò wọn ló ń já bọ́ láìnídìí, ẹ má ṣe sọ pé eegun ló ń fúyẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àrùn jẹjẹrẹ wò kíákíá. Àyẹ̀wò DXA kì í dunni, kì í sábà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ìtànṣán rẹ̀ sì kéré sí ti X-ray àyà.